Àwọn Obìnrin tí ó Gbé Ìwòsàn lọ sí Oko Òwú

Ẹ̀yin ará, àánú tí ó bá jókòó sí ilé kì í pẹ́ di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìtàn ẹgbẹ́ kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1908, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Howard, ní ìlú Washington, dá ẹgbẹ́ Alpha Kappa Alpha sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde ilé ẹ̀kọ́, wọn kò fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ní ọdún 1935, wọ́n dá owó jọ, wọ́n sì rán àwọn oníṣègùn, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́, lábẹ́ Dókítà Dorothy Ferebee, lọ sí ìpínlẹ̀ Mississippi láti tọ́jú àwọn tálákà inú oko òwú.

Wọ́n ṣí ibi ìwòsàn, ṣùgbọ́n àwọn olóko kan kò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọn kúrò lóko. Wọ́n ha padà sí ilé bí? Rárá o. Wọ́n kó oògùn sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ara wọn, wọ́n sì tọ àwọn aláìsàn lọ sí ẹ̀bá oko. Lọ́dọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ni wọ́n ń padà lọ, títí di ọdún 1942 tí ogun mú kí epo ọkọ̀ ṣọ̀wọ́n. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni wọ́n bupá fún, kí ṣànpọ̀nná má bàa pa wọ́n.

A kò sọ pé wọ́n mú òṣì kúrò níbẹ̀. Ebi àti ilé tí kò dára ṣì wà. Ṣùgbọ́n a kọ́ ọ pé owó ìdáwó nìkan kò tó. Ẹni tí kò lè wá, àwa ni kí a tọ̀ ọ́ lọ.