Ìdọ̀tí Ọ̀rá àti Dúdú Fàdákà Lára Owó Àtijọ́

Àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ sábà máa ń pe ohunkóhun tó bá bo ojú owó ní ìdọ̀tí, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí wọn yóò fi fọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ọ̀rá fi sára owó yàtọ̀ pátápátá sí dúdú tí fàdákà ń dú. Ti ọ̀rá, àjèjì ni. Dúdú ní tirẹ̀, ara owó gan-an ló di bẹ́ẹ̀. Àìmọ ìyàtọ̀ yìí ló sọ ọ̀pọ̀ owó rere di aláìníláárí lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Ẹ wo ṣílè tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ná ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọdún 1912 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ owó náà sílẹ̀. Ṣílè fàdákà tẹ̀lé e ní 1913, ìpín 925 nínú 1000 rẹ̀ jẹ́ fàdákà, ìyókù jẹ́ bàbà. Nígbà tí fàdákà wọ́n gógó lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n yà sí idẹ ní 1920. Imí-ọjọ́ inú afẹ́fẹ́ ló ń mú ti fàdákà dúdú, fàdákà sì wà nínú awọ dúdú náà, nítorí náà ẹni tó bá bó o, fàdákà ló bó. Oògùn tí wọ́n ń ri owó bọ̀, èyí tí thiourea àti ásíìdì wà nínú rẹ̀, máa ń mú un funfun kíá. Àmọ́ bí wọ́n bá rì í bọ̀ léraléra, àwọn ìlà tín-ín-rín tí ẹ̀rọ fi sójú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ yóò parẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ìlà yẹn ló ń mú kí owó tuntun máa kọ mànà bí a bá ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Fífi eérú àti iyanrìn fọ̀ ọ́ tiẹ̀ burú jù: ó lè họ lẹ́tà H kékeré tó ń sọ pé iléeṣẹ́ Heaton ní Birmingham ló ṣe owó náà dànù.

Ìfẹ́ ló kó ọ̀rá wọ ọ̀ràn náà. Àpò ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní PVC rọ̀, ó mọ́ gaara, èèyàn lè wo ojú àti ẹ̀yìn owó láìfọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n èròjà tí wọ́n fi mú un rọ̀ kì í jókòó sínú rẹ̀. Bí ooru bá mú, a máa jò jáde díẹ̀díẹ̀, a lẹ̀ mọ́ owó, a sì bá bàbà ara rẹ̀ dà pọ̀ di ohun aláwọ̀ ewé tó ń jẹ ẹ́. Èyí gbọ́dọ̀ kúrò. Acetone tó mọ́ ló tọ́ sí i, kì í ṣe omi olóòórùn dídùn tí wọ́n fi ń bó kúútẹ́ẹ̀sì. Inú abọ́ dígí ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí, jìnnà sí iná; wọn a pààrọ̀ omi náà, wọn kò sì ní fi nǹkan kan ra owó náà. Acetone kì í jẹ irin. Àlejò nìkan ló ń lé.

Ẹnìkan lè ní: ṣé a kì í fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ idẹ Ọ̀ṣun kó lè máa dán ni? A ń fọ̀ ọ́, ó sì tọ́, torí fífọ̀ wà lára ìlò rẹ̀. Owó tí a kó pa mọ́ kò níṣẹ́ mìíràn ju kó jẹ́rìí sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Àtakò tó lágbára jù ni ti Friedrich Rathgen, tó di olórí yàrá kẹ́míkà àwọn mùsíọ́ọ̀mù ìjọba ní Berlin ní 1888, tó sì ń fi iná mànàmáná bó ìpẹtà lára bàbà àtijọ́. Bí onímọ̀ bẹ́ẹ̀ bá bó o, kí ló dé tí àwa kò ní bó o? Ṣùgbọ́n àwọn ohun tí wọ́n hú nílẹ̀ ni ó ń tọ́jú, iyọ̀ inú wọn kò sì dẹ́kun jíjẹ wọ́n. Dúdú orí ṣílè kì í ṣe bẹ́ẹ̀: bí ó bá fẹ́lẹ́, kì í jẹ owó bí iyọ̀ ṣe ń jẹ àwọn yẹn.

Àwọn mìíràn ní àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà àti iléeṣẹ́ tó ń díwọ̀n ipò owó, bíi PCGS tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986, ló sọ fífọ owó di ẹ̀ṣẹ̀ kí ọjà wọn lè tà. Ó lè jẹ́ pé èrè wà níbẹ̀ fún wọn lóòótọ́. Síbẹ̀ owó tí wọ́n ti họ, kò sí kẹ́míkà tó lè dá ìlà ojú rẹ̀ padà, ì báà jẹ́ oníṣòwò ló ń wò ó tàbí ọmọ tó jogún rẹ̀.