"Ooru Ń Mú Un" Yàtọ̀ sí "Ara Rẹ̀ Gbóná": Ìtàn Omi àti Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà

Ìtàn ni mo tún gbé wá, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ogun, kì í sì í ṣe ti ọba. Ìtàn bí ọmọ ènìyàn ṣe ń fi omi mú ohun gbígbóná tutù ni, láti ìdí àmù títí dé inú kọ̀ǹpútà.

Ìbéèrè kan ló fà á. Òrò-Àgọ́ ni ó ti wá, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Àbúrò mi kan ń fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ fídíò níbẹ̀, fídíò ìgbéyàwó àti ti òkú àgbà. Omi ni ó ń mú ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà tutù, ìyẹn ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní prósẹ́sọ̀. Ní oṣù Kẹta, ó ṣàkíyèsí pé bí iṣẹ́ bá wọ ẹ̀rọ náà lára tán, ìgbóná rẹ̀ máa ń dé 77°C. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, 62°C ni tirẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe bá sọ fún àbúrò mi pé ẹ̀rọ ìtutù rẹ̀ ti bàjẹ́, kí ó yáa ra òmíràn. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó fẹ́ kó lé e lórí kí ó tó bi mí léèrè.

Èmi kì í ṣe oníṣẹ́ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n èrò mi ni pé èdè Yorùbá ti pèsè ìdáhùn náà sílẹ̀ tipẹ́. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó jókòó sínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀ lọ́sàn-án oṣù Kẹta yóò ní, "Ooru ń mú mi." Ẹni tí ibà ń ṣe yóò ní, "Ara mi gbóná." Àwọn méjèèjì lè máa làágùn, síbẹ̀ a kì í se àgbo fún ẹni àkọ́kọ́, abẹ̀bẹ̀ ni à ń nà sí i. Ooru jẹ́ ti ibi tí ènìyàn wà, ìgbóná sì jẹ́ ti ara òun fúnra rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ń ka nọ́ńbà lójú kọ̀ǹpútà kì í rántí.

Nọ́ńbà ọ̀hún gan-an kò tíì pẹ́ láyé. Anders Celsius, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ni ó gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ kalẹ̀ ní 1742. Ẹ máa rẹ́rìn-ín: 0 ni ó fi sí ibi tí omi ti ń hó, ó wá fi 100 sí ibi tí omi ti ń di yìnyín! Àwọn mìíràn ni ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́yìn náà, tí ó fi di èyí tí gbogbo wa mọ̀.

Ní ti kọ̀ǹpútà, kì í ṣe inú ilé ni omi ti kọ́kọ́ bá a pàdé. Ní àwọn ọdún 1960, iléeṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà lo omi tútù fún kọ̀ǹpútà ńlá wọn, System/360 Model 91. Ní 1980, wọ́n gbé 3081 jáde, èyí tí omi ń gba orí àwọn ọpọlọ rẹ̀ kọjá nínú àwo irin. Ẹ̀rọ tí ó ń gba yàrá odidi ni ìwọ̀nyí, wọ́n sì ní ẹ̀rọ mìíràn tí ó ń sọ omi wọn di tútù. Ní àkókò kan náà, kọ̀ǹpútà inú ilé kò mọ ohun tí à ń pè ní òógùn. Prósẹ́sọ̀ 386 tí Intel ṣe ní 1985 kò nílò fáànù rárá. Nígbà tí Pentium dé ní 1993, ó ń jẹ iná tí ó tó wáàtì 15, fáànù sì di ọ̀ranyàn fún un. Nígbà tí yóò fi di ìparí 2004, Pentium 4 kan ti dé wáàtì 115. Ẹ rántí gílóòbù iná àtijọ́ oníwáàtì 100 tí ó máa ń jó ènìyàn lọ́wọ́. Ooru tí ó ju tirẹ̀ lọ ni ó ń jáde lára ohun tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ!

Àwọn ọ̀dọ́ kan ní òkè òkun, tí wọ́n fẹ́ kí kọ̀ǹpútà wọn sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, ti ń yọ rédíétọ̀ kékeré lára ọkọ̀ àlòkù, wọ́n ń fi rọ́bà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ní oṣù Kẹfà 2004, Apple alára kéde Power Mac G5 tí omi ń mú tutù. Ní 2009 ni Corsair gbé H50 jáde, tí a ti rọ omi sí, tí a sì ti dí i pa láti iléeṣẹ́. Irú rẹ̀ ni ó wà nínú kọ̀ǹpútà Òrò-Àgọ́.

Báwo wá ni omi náà ṣe ń ṣiṣẹ́? Omi inú kọ̀ǹpútà kì í pa ooru. Alábàárù ni. Yóò gbé ẹrù ooru lórí prósẹ́sọ̀, pọ́ǹpù yóò tì í lọ sọ́dọ̀ rédíétọ̀, fáànù yóò sì fẹ́ ẹrù náà sínú yàrá. Afẹ́fẹ́ yàrá ni ibi ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ yàrá bá jẹ́ 35°C, omi náà kò lè tutù ju 35°C lọ láéláé.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní, "Omi inú àmù ńkọ́? Ṣebí ó máa ń tutù ju yàrá lọ?" Bẹ́ẹ̀ ni, ìdí rẹ̀ sì wà. Ara àmù tí àwọn ìyá amọ̀kòkò, bí àwọn ti Ẹbu Dada ní Òkèlele, Ìlọrin, ń mọ kì í dí pa pátápátá. Omi díẹ̀ ń yọ́ jáde lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbẹ ẹ́, gbígbẹ náà sì ń mú ooru lọ lára èyí tí ó kù. Ìdí nìyí tí omi àmù fi ń tutù nini nígbà ọyẹ́, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ tutù nígbà òjò, nígbà tí afẹ́fẹ́ ti mu omi yó. Ọgbọ́n yìí ni olùkọ́ kan ní Ìpínlẹ̀ Jigawa, Mohammed Bah Abba, lò nígbà tí ó gbé ìkòkò kan sínú òmíràn, tí ó fi iyanrìn tútù sáàárín wọn, tí tòmátì fi ń pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú rẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Rolex fún un ní 2000. Ṣùgbọ́n inú rọ́bà tí a dí pa ni omi kọ̀ǹpútà wà. Kò sí èyí tí ó ń gbẹ. Ẹni tí ó bá ní irú omi bẹ́ẹ̀ ń tutù ju yàrá òun lọ, yálà ó ń purọ́ tàbí òṣùwọ̀n rẹ̀ ni ó ń purọ́.

Ó tó kí a ṣe ìṣirò wàyí. Mo ní kí àbúrò mi wọn ooru yàrá rẹ̀: 35°C. Yàrá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́ 20°C. Ẹ yọ 20 kúrò nínú 62, ó ku 42. Ẹ yọ 35 kúrò nínú 77, 42 náà ni ó kù. Ìgbóná ara àwọn ẹ̀rọ méjèèjì dọ́gba délẹ̀! Ooru ló ń mú ti Òrò-Àgọ́, ibà kò ṣe é. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ prósẹ́sọ̀ Intel lè gbóná tó 100°C kí wọ́n tó máa dín eré kù láti dáàbò bo ara wọn, AMD sì sọ nípa Ryzen 7000 wọn ti 2022 pé 95°C kò jẹ́ nǹkan kan fún un bí iṣẹ́ bá pọ̀.

Àmọ́ nọ́ńbà 77 yìí kan náà lè di àìsàn. Bí yàrá bá jẹ́ 22°C ní òwúrọ̀ ọyẹ́, 64 ni a ó máa retí. Bí ó bá ka 77 nígbà náà lórí iṣẹ́ kan náà, ìyàtọ̀ ti di 55, ó sì yẹ kí a wá ibà. Eruku ọyẹ́ ni mo máa kọ́kọ́ fura sí, nítorí ó máa ń bo ojú rédíétọ̀ díẹ̀díẹ̀, tí nọ́ńbà yóò sì máa gòkè láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Bí nọ́ńbà bá fò kọjá 90 ní kété tí a tan ẹ̀rọ, láìṣe iṣẹ́ kankan, tí rọ́bà kan gbóná tí èkejì sì tutù, ó ṣeé ṣe kí pọ́ǹpù ti dákẹ́. Kí a tètè pa á. Kí a má sì kánjú kà á: omi kì í tètè gbóná, nítorí náà kí iṣẹ́ ti tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí rẹ̀ kí a tó kọ nọ́ńbà sílẹ̀, kí a sì kọ ti yàrá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.