Wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ojo



Nínú kíláàsì, ìtàn Béhanzin àti Bio Guéra la máa ń kọ́ àwọn ọmọ, àwọn tó gbé ìbọn. Àwọn ènìyàn wa tó kó ẹrù lóru tí wọ́n sá fún Faransé kì í sí nínú ẹ̀kọ́ náà. Bí a bá tilẹ̀ dárúkọ wọn, ojo là ń pè wọ́n. Àwa ní Kraké tí à ń wo ààlà lójoojúmọ́ kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín ilẹ̀ yìí láàrin ara wọn. Wọn kò bi Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Ọ̀họ̀rí léèrè. Ní apá Faransé, owó orí dé, iṣẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń fipá múni ṣe dé, òfin indigénat sì dé, èyí tó fún ọ̀gá Faransé láṣẹ láti sọni sẹ́wọ̀n láì dé ilé ẹjọ́. Nígbà ogun 1914 sí 1918, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sójú ogun.

Àwọn Ọ̀họ̀rí jà láàrin 1914 sí 1916, ìbọn ló borí wọn. Ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn kò jà rárá. Wọ́n sọdá sọ́dọ̀ ẹbí wọn ní Ìmẹ̀kọ àti ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò. (Gẹ̀ẹ́sì náà kì í ṣe áńgẹ́lì, ṣùgbọ́n ọwọ́ tiẹ̀ rọ̀ díẹ̀.) Agbowó-orí dé, ilé òfìfo ló bá. Ta ni yóò sanwó? Ta ni yóò la ọ̀nà? Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti kọ ọ́ pé ọ̀tẹ̀ ni irú ìṣílọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ṣiyèméjì, kó wo Íńdíà, níbi tí gbogbo ayé ti gbà pé akin ni irú wọn. Ẹ̀sìn Jain wà níbẹ̀, tí Mahavira wàásù rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2500 sẹ́yìn. Òfin wọn àkọ́kọ́ ni ahimsa: má ṣe pa ohun ẹlẹ́mìí kankan lára, ìbáà ṣe èèrà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í jẹ ohun tí a wú nínú ilẹ̀, nítorí wíwú náà ń pa ewéko àti kòkòrò. Kò síṣu, kò sí gbágùúdá. Ebi ì bá ti pa wá tán! Ọ̀rẹ́ Gandhi kan, Rajchandra, ẹlẹ́sìn Jain, kọ́ ọ ní púpọ̀ nípa rẹ̀, Gandhi sì sọ ọ́ di ọ̀nà ìjà láìgbé idà. Ní 1930, àwọn àgbẹ̀ Gujarat tó kọ̀ láti san owó ilẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì kó ẹrù wọn, wọ́n sọdá sí ilẹ̀ ọba Baroda. Ohun tí Kétu ti ṣe ṣáájú wọn nìyẹn.

A kò sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹlẹ́sìn Jain kò ní pani kódà bí agbára bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti àwọn baba wa, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ìbọn wà, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í sì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n sísá náà kò rọrùn: oko, ojúbọ àti sàréè bàbá ẹni ni wọ́n fi sílẹ̀.

Ní 1946, Faransé fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe àti indigénat. Kì í ṣe gbogbo wọn ló padà. Ìdí nìyí tí ọmọ ìyá méjì fi wà lónìí, ọ̀kan ní Kétu, ọ̀kan ní Ìmẹ̀kọ, tí ọ̀kan ń kọ lẹ́tà ní Faransé, tí èkejì ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn.