Òǹtẹ̀, Pépà Aláràbarà àti Ọwọ́ Obìnrin: Ìtàn Káàdì Ìkíni

  

Ẹni tó bá ti dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ti rí àwọn káàdì tí a tò sórí tábìlì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Àwọn ọmọ wa ló ṣe wọ́n, owó ẹgbẹ́ ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tó jẹ́ ká kọ ìtàn yìí gan-an nìyẹn.

Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta kan, ọmọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, wá bá ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó pé àwọn fẹ́ yá owó láti máa ṣe káàdì ìkíni, ẹ̀rín ni àwọn kan fi dá wọn lóhùn. Ìyá wa kan tó ń ta èlùbọ́ ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé pépà ni èèyàn máa jẹ ni?” Ẹlòmíràn ní fóònù ti pa káàdì, ta ló tún ń rà á nígbà tí gbogbo ayé ń fi WhatsApp kí ara wọn? Kì í ṣe pé wọ́n burú o. Owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó ẹnì kan. Owó ata ni, owó ẹja ni, owó gààrí ni, tí a ń dá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó yẹ kéèyàn bèèrè ibi tó ń lọ. A wá ní kí wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì, ká lọ wádìí bóyá ẹnikẹ́ni ti fi irú iṣẹ́ yìí jẹun rí. Ohun tí a rí nìyí.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ọdún 1840, ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí ló sábà máa ń sanwó rẹ̀, bí ọ̀nà bá sì ti jìn tó ni owó ń gorí owó. Ní oṣù January ọdún 1840, ìjọba sọ ọ́ di penny kan ṣoṣo, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní kọ́bọ̀, fún lẹ́tà tí kò bá wúwo, ibi yòówù kó máa lọ nínú ilẹ̀ náà. Làwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà! Nígbà tó fi máa di Kérésì ọdún 1843, lẹ́tà tí Henry Cole, ọ̀kan lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ètò náà, ní láti dáhùn ti pọ̀ jù fún un. Ó ní kí ayàwòrán kan, John Callcott Horsley, ya àwòrán kan fún òun, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí pépà líle, kí òun kàn máa kọ orúkọ sí i. Nǹkan bí 1,000 ni wọ́n tẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kun àwọ̀ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń tà á ní ṣílè kan. Owó gidi ni ṣílè kan nígbà náà. Àwọn tó kórìíra ọtí tilẹ̀ bínú, torí pé ọmọ kékeré kan ń mu wáìnì nínú àwòrán náà. Kò sí ohun téèyàn ṣe tí wọn ò ní rí wí.

Àmọ́ ẹni tí ìtàn rẹ̀ wọ̀ wá lára jù lọ ni ọmọbìnrin kan ní ìlú Worcester, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà. Esther Howland ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1828 ni wọ́n bí i, bàbá rẹ̀ sì ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìwé àti ohun ìkọ̀wé. Ó kàwé jáde ní Mount Holyoke ní 1847. Láìpẹ́ sí ìgbà náà, káàdì Valentine kan, irú èyí tí àwọn olólùfẹ́ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bá bàbá rẹ̀ ṣòwò. Wọ́n fi pépà tí wọ́n lu bíi léèsì yí i ká. Ó wò ó títí, ó sì dá a lójú pé òun náà lè ṣe irú rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ bá a ra pépà léèsì àti òdòdó pépà wá láti òkèèrè. Ó ṣe àpẹẹrẹ mélòó kan, ó kó wọn fún arákùnrin rẹ̀ tó ń gbé ọjà bàbá wọn kiri. Bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn náà, dọ́là 200 ni ọmọ yìí ń retí. Ọjà tí àwọn oníbàárà ní kó ṣe wá tó dọ́là 5,000! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́jà, ẹ mọ irú ìdààmú ayọ̀ yẹn: oníbàárà ti dé, ọjà ò sí nílẹ̀.

Ó bá pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin. Inú yàrá kan nílé bàbá rẹ̀ ló gbé tábìlì gígùn sí, ó sì pín iṣẹ́. Ẹnì kan ń gé àwòrán, ẹnì kan ń tẹ́ pépà aláwọ̀ sísàlẹ̀, ẹnì kan ń lẹ léèsì lé e, ẹlòmíràn ń lẹ òdòdó. Bí káàdì bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni kìíní, ó di ọwọ́ ẹnì kejì. Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe gààrí mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ẹnì kan ń bó ẹ̀gẹ́, ẹnì kan ń gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ, ẹnì kan ń fún omi rẹ̀, ẹnì kan jókòó ti agbada. Àwọn tí kò lè kúrò nílé ńkọ́? Esther á kó ohun gbogbo tí wọ́n nílò sínú àpótí pẹ̀lú àpẹẹrẹ kan, wọ́n á gbé e lọ bá wọn nílé, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan wọ́n á wá gbé e padà. Ìyá ọlọ́mọ kékeré ń ṣiṣẹ́, ọmọ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí ju ọ̀gọ́jọ ọdún lọ o.

Àrà tó fi ń dá náà yẹ lóhun tí àwọn ọmọ wa máa kọ́. Ó máa ń fi pépà aláwọ̀ sábẹ́ léèsì funfun kí àwọ̀ lè yọ láti ojú ihò, bí ẹ ṣe ń wọ yẹ̀rì aláwọ̀ sábẹ́ léèsì yín. Ó máa ń ká pépà kékeré bí àtẹ̀gùn sáàárín ìpele kan sí èkejì kí àwòrán lè yọrí sókè. Ní 1879 ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbé ìwé kan jáde tó ní ewì kéékèèké 131. Oníbàárà tí kò bá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ inú káàdì á mú òmíràn nínú ìwé náà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ bo ti tẹ́lẹ̀. Ọjà kì í bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe.

Lẹ́tà H pupa kékeré kan ló fi ń ṣe àmì sẹ́yìn káàdì rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà di New England Valentine Company, ó di N.E.V.Co. Ní 1881 ó ta iṣẹ́ náà fún George C. Whitney, torí pé bàbá rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó sì fẹ́ tọ́jú rẹ̀. Kò lọ́kọ rárá. Ó kú ní 1904. Àwọn káàdì rẹ̀ ṣì wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, tàwọn ti H wọn lẹ́yìn. Ti àwọn obìnrin tó jókòó yí tábìlì ká kò sí níbẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sí apá kan ná, a máa padà sórí rẹ̀.

Òǹtẹ̀ rọ́bà kò tíì dé nígbà tí Esther bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà ayé ìgbà náà, bí oòrùn bá mú, á yọ́ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Bí òtútù bá mú, á le, á sì sán. Ní 1839, Charles Goodyear ní Amẹ́ríkà rí i pé téèyàn bá po imí-ọjọ́ mọ́ ọn, tó sì fi iná sí i, kò ní yọ́ mọ́, kò sì ní sán. Àwọn oníṣègùn eyín wà lára àwọn tó ń lo rọ́bà yìí, wọ́n fi ń ṣe ìdí eyín àtọwọ́dá. Ìkòkò tí wọ́n fi ń se rọ́bà eyín yẹn ni wọ́n fi se lára àwọn òǹtẹ̀ rọ́bà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún 1860. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀: ìkòkò eyín ló bí òǹtẹ̀!

Ilẹ̀ tiwa náà ti ta rọ́bà rí. Igi kan wà nínú igbó wa tí àwọn àgbà ń pè ní iré, oje rẹ̀ ni rọ́bà. Ní 1895, rọ́bà tó gba Èkó lọ sókè òkun lé ní páùn 5,000,000 lórí ìwọ̀n. Wọ́n dá igi lọ́gbẹ́ láti òkè délẹ̀, wọn ò fún un láàyè láti san. Kí ọdún 1900 tó dé, ọ̀pọ̀ nínú igi náà ti kú, òwò náà sì wọlẹ̀. Irú ẹni tó jẹ èlé tó tún jẹ ojú owó nìyẹn.

Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù máa gbádùn ìtàn ti pépà aláràbarà. Ìlú Kansas City ni, Kérésì ọdún 1917. Joyce Hall, ọkùnrin ni o, ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà ṣì yín lọ́nà, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Rollie ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta káàdì. Pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń di ẹ̀bùn tán nílẹ̀ nígbà tí ọjà gbóná jù. Wọ́n wá inú ẹrù wọn, wọ́n rí pépà aláràbarà láti ilẹ̀ Faransé tí wọ́n fi ń tẹ́ inú àpòòwé. Wọ́n gbé e síta, sẹ́ńtì 10 ẹyọ kan. Ó tán wáí. Lọ́dún kejì wọ́n tún gbé e síta, ó tún tán. Ilé iṣẹ́ yẹn ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí Hallmark.

Nígbà tí a ń ròyìn gbogbo èyí nípàdé, ìyá wa kan tó jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ṣé òyìnbó ló wá ń kọ́ wa ní òǹtẹ̀ lílù ni?” Òótọ́ ni màmá sọ. Nídìí àdìrẹ ẹlẹ́kọ, àwọn ọkùnrin ní Abẹ́òkúta a máa gé àrà sára páànù, àwọn obìnrin á gbé e lé aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ ra á lójú, kí wọ́n tó rẹ aṣọ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní mú un. Àrà tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́ba jáde láti inú ayẹyẹ ọdún 1935, nígbà tí Ọba George Karùn-ún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí oyè. Ṣé ẹ rí i, káàdì ìkíni tí wọ́n ń ró mọ́dìí ni! Nídìí kàm̀pálà, fóòmù ni wọ́n ń gé, wọ́n á rì í bọnú àbẹ́là gbígbóná, wọ́n á lù ú mọ́ aṣọ. Ẹni tó bá dé Ìtòkú á rí i.

Ní Amẹ́ríkà, òǹtẹ̀ kúrò ní ọ́fíìsì, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe káàdì nílé. Obìnrin méjì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ló dá Stampin' Up! sílẹ̀ ní 1988. Inú pálọ̀ ni àwọn obìnrin tó ń bá wọn tà á ti máa ń kó àwọn ọ̀rẹ́ jọ, wọ́n á fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn wọ́n, wọ́n á sì ta òǹtẹ̀ fún wọn.

Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí káàdì Kérésì àti ti Iléyá lẹ́bàá títì, tí wọ́n so mọ́ okùn bí aṣọ tí a sá. Oṣù August 2001 ni GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, díẹ̀díẹ̀ ni okùn káàdì sì ń tú. Ẹni tó ní fóònù pa káàdì kò jayò pa. Àmọ́ èyí tí fóònù pa ni èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, tí gbogbo rẹ̀ rí bákan náà. Ìyàwó tó fẹ́ kí orúkọ òun àti ti ọkọ òun wà lára káàdì tí kò sí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn ṣì wà.

A yá wọn lówó, a ò fún wọn tó iye tí wọ́n bèèrè, àwọn ìyá wọn sì dúró fún wọn. Wọ́n ra pépà ní Ṣómólú, wọ́n ní kí àwọn agbẹ́-òǹtẹ̀ bá wọn gbẹ́ gángan, ewé àti ẹyẹ. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ bàjẹ́. Pépà dídán ni wọ́n lù ú sí, yínkì ò gbẹ, wọ́n sì tò wọ́n léra nígbà òjò. Káàdì 60 ló ra, oníbàárà ò gbà á. Òru ọjọ́ náà, àwọn ìyá wọn àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rin jókòó tì wọ́n, wọ́n gé, wọ́n lẹ̀, wọ́n lù, títí ilẹ̀ fi mọ́. Láti ìgbà náà, pépà tí kò dán ni wọ́n ń lò, wọ́n sì máa ń sá a kó gbẹ. Méjì nínú wọn ti san owó wọn tán. Ẹ̀kẹta ṣì ku oṣù méjì, owó ata ni ìyá rẹ̀ fi ń ràn án lọ́wọ́. A ò ní purọ́ pé káàdì ti kọ́lé fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ìyá elélùbọ́ wa ti ra mẹ́wàá.

Nígbà tí káàdì àyájọ́ yìí délẹ̀, ọ̀rọ̀ H yẹn padà wá. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ fẹ́ kó jẹ́ òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ nìkan ló máa wà lẹ́yìn rẹ̀, torí owó ẹgbẹ́ ni. Àwọn ọmọ náà ní káwọn kọ orúkọ àwọn sí i. Ìjíròrò náà gùn, a ò jẹun bọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Níkẹyìn, a fi òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ sí apá òsì. Bí ẹ bá gba káàdì yín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ yí i padà: orúkọ gbogbo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kàn án wà ní apá ọ̀tún, títí kan àwọn màmá tó bá wọn lẹ òdòdó. Lára àwọn kan, yínkì ti ra díẹ̀. Ẹ má bínú.