Bí Pulọ́ọ̀gì Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta Ṣe Dé Ilẹ̀ Yorùbá

Sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ojú ihò ara ògiri tí ẹ̀rọ ti ń gba iná mànàmáná, kò rí bákan náà ní Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà àti ní Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní ìlú méjèèjì. Àdéhùn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ṣe ní 1889 ló pààlà sáàárín wọn, nígbà tí iná sì dé lẹ́yìn náà, ìlànà ìjọba tó ń ṣàkóso apá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi na wáyà ibẹ̀.

Pulọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ róbótó ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò tẹ́lẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì yàtọ̀ síra débi pé ti áńpíà 5 kò lè wọ ihò áńpíà 15. Áńpíà ni òṣùwọ̀n bí iná tó ń gba inú wáyà ṣe pọ̀ tó. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìgbìmọ̀ kan jókòó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí bí wọn yóò ṣe na iná sínú àwọn ilé tí wọ́n máa kọ́ lẹ́yìn ogun. Caroline Haslett, ẹni tó fi ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ kí iná mànàmáná lè dín làálàá àwọn obìnrin kù nínú ilé, nìkan ni obìnrin tó wà níbẹ̀. Nítorí pé bàbà tí wọ́n fi ń ṣe wáyà wọ́n gógó, ìgbìmọ̀ náà dámọ̀ràn pé kí wáyà kan ṣoṣo yí gbogbo yàrá po kó sì padà sí orísun rẹ̀, dípò kí sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan máa ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n irú wáyà bẹ́ẹ̀ ń gbé áńpíà 30, èyí tó lè jó okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí iná orí tábìlì ń lò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ki fíúùsì, wáyà kékeré tó ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá pọ̀ jù, sínú pulọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀.

Pulọ́ọ̀gì áńpíà 13 tó jáde ní 1947 ni èso iṣẹ́ wọn. Ẹsẹ̀ òkè rẹ̀, tó ń darí iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, gùn ju méjì tó kù lọ, òun ló sì ń ṣí ìlẹ̀kùn kékeré tó bo ihò iná, kí ọmọdé má bàa lè ti ìṣó bọ̀ ọ́. Ọgbọ́n tó gba ẹ̀mí là ni èyí, ó sì yẹ kí àwọn tó ń lò ó lójoojúmọ́ mọ ìtàn rẹ̀. Nàìjíríà, tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, gba irú pulọ́ọ̀gì yìí, nígbà tí Bẹ̀nẹ̀ di ti Faransé mú, èyí tí irin ilẹ̀ rẹ̀ yọ síta láti inú sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Adápítọ̀ lásán tó fún ẹni tó bá ń gba ààlà yẹn kọjá, torí ipá iná ìhà méjèèjì kò jìnnà síra. Ti Amẹ́ríkà le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ipá iná tiwọn tó bí ìdajì ti ìhà méjèèjì yìí. Bíi fóòtì 110 ni Edison, olùhùmọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi bẹ̀rẹ̀ sí í pín iná ní New York ní 1882, fóòtì sì ni òṣùwọ̀n ipá tó ń ti iná. Ilé-iṣẹ́ iná ìlú Berlin gbé tirẹ̀ sí 220 ní 1899 kí bàbà díẹ̀ lè gbé iná púpọ̀, ṣùgbọ́n gílóòbù àti ẹ̀rọ tó ti wà nílé àwọn ará Amẹ́ríkà ti pọ̀ jù fún irú àyípadà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, blẹ́ńdà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sílé láti Houston yóò jó bó bá jẹ́ adápítọ̀ nìkan ni wọ́n fi sí i, nítorí ẹsẹ̀ pulọ́ọ̀gì nìkan ni adápítọ̀ ń pa dà. Ẹ̀rọ tó ń dín ipá iná kù ni irú rẹ̀ nílò, àyàfi bí wọ́n bá kọ 100 sí 240 sí i lára, bó ṣe wà lára ọ̀pọ̀ ṣájà fóònù.