Orúkọ wo la ó sọ “hable”?

Bí olùkọ́ bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé bí a ṣe ń pàṣẹ lédè Sípáníìṣì, ìlànà ibẹ̀ kọ́ ni yóò dí i lọ́nà. Ọ̀wọ́ mẹ́ta ni ọ̀rọ̀-ìṣe atẹ̀lélànà: èyí tó parí sí -ar bíi hablar (sọ̀rọ̀), èyí tó parí sí -er bíi comer (jẹun), àti èyí tó parí sí -ir bíi escribir (kọ̀wé). Fún ọ̀rẹ́, a ó ní habla, come, escribe. Fún àgbà, fáwẹ̀lì ìparí á yí padà: hable, coma, escriba. Bí wọ́n bá pọ̀, a ó fi n kún un: hablen, coman, escriban. Orúkọ tí a ó fi pe ìwọ̀nyí ní Yorùbá ló ṣòro.

Púpọ̀ nínú orúkọ náà ti wà nílé. Láti 1984 ni ìdìpọ̀ kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, ti wà. A ní gbólóhùn àṣẹ, ẹnìkejì, ẹyọ àti ọ̀pọ̀. A tilẹ̀ ní àfòmọ́ ìparí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ti àárín ni Yorùbá ń lò. Èdè Sípáníìṣì ló wá fún orúkọ yẹn níṣẹ́ gidi.

Àṣẹ tí kò ní “má ṣe” nínú ńkọ́? “Àṣẹ bẹ́ẹ̀ni” kò bá etí mu, torí ìdáhùn ni bẹ́ẹ̀ni. Àṣẹ-ṣe ni mo fara mọ́, kí èkejì rẹ̀ máa jẹ́ àṣẹ-máṣe.

Ibi tó gba àròjinlẹ̀ ni hable. Ẹni tó bá gba ọ̀nà èdè Gẹ̀ẹ́sì débẹ̀ á máa wá ọ̀rọ̀ tó jọ “àṣẹ ọ́fíìsì”, bẹ́ẹ̀ ọ̀wọ̀ ni gbogbo rẹ̀, ọ̀wọ̀ tí ọmọ Yorùbá mọ̀ kó tó mọ ìwé. Inú vuestra merced, tí wọ́n fi ń pe ẹni ńlá, ni usted, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀, ti wá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ fi ń jẹ́ ti ẹnìkẹta, bí ẹni pé ẹlòmíràn là ń sọ nípa rẹ̀. “Àṣẹ àpọ́nlé” ì bá dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ti níṣẹ́ mìíràn nínú gírámà wa, akẹ́kọ̀ọ́ á sì da méjèèjì pọ̀. Àṣẹ ọlọ́wọ̀ ló yẹ.

Síbẹ̀, ọ̀wọ̀ nìkan ò tó. “Ẹ jẹun” là ń sọ fún bàbá kan, òun náà là ń sọ fún ọmọdé mẹ́wàá. Coma kò lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Nítorí náà, àṣẹ ọlọ́wọ̀ ẹlẹ́yọ ni kí a pe coma, kí coman jẹ́ àṣẹ ọlọ́pọ̀ lásán. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ̀wọ̀ kúrò nínú èkejì: ní Kúbà àti káàkiri ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń sọ Sípáníìṣì, coman ni wọ́n ń sọ fún ọ̀rẹ́ àti àgbà bí wọ́n bá ti ju ẹyọ kan lọ. Ní Sípéènì, comed ni àwọn ọ̀rẹ́ ń gbọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń kọ ìwé èdè àjèjì fún ọmọ wa, ẹ to orúkọ wọ̀nyí sí ojú ìwé àkọ́kọ́, kí ẹ sì lò wọ́n bákan náà dé òpin ìwé.