Aago Inú Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ àti Ohun Tí Ń Ṣì Í Lọ́nà

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà PC rẹ̀ jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1981, ẹ̀rọ olókìkí náà kò ní aago tí bátìrì ń gbé ró. Bí a bá ti tàn án, DOS, ètò tí ń darí ẹ̀rọ náà, a béèrè ọjọ́ àti àkókò lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó tì í, ẹni tí ọ̀lẹ bá sì mú tí ó kàn tẹ bọ́tìnnì kọjá, ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1980 ni DOS yóò kọ sára gbogbo fáìlì rẹ̀.

Láti ìgbà náà lọ, kíkà ni DOS ń kà. Ẹ̀yà kékeré kan tí a ń pè ní 8253 a máa ta ẹ̀rọ lólobó ní bí ìgbà 18.2 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ètò kan bá di etí ẹ̀rọ pa títí tí olobó méjì fi dé, ọ̀kan ti sọnù nìyẹn, aago a sì rẹ̀yìn. Bí eré orí kọ̀ǹpútà bá sì mú 8253 yára nítorí ohùn àti àwòrán tirẹ̀, tí kò ṣètò bí DOS yóò ṣe máa gba iye tirẹ̀, aago a máa sáré bí ẹni tí a ń lé.

Ti ọ̀gànjọ́ òru ni ó yà mí lẹ́nu jù. Nígbà tí kíkà bá pé 1,573,040, BIOS, ètò inú ẹ̀rọ tí ń bá DOS kà á, a dá a padà sí òdo, a sì fi àmì sílẹ̀ pé ọjọ́ ti yí. Ṣùgbọ́n àmì lásán ni, kì í ṣe iye, nítorí náà ẹ̀rọ tí a kò pa láti ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ Ajé, tí ètò kankan kò sì béèrè ọjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni yóò pe ọjọ́ Ajé.

PC AT ti ọdún 1984 mú aago oníbátìrì wá, ṣùgbọ́n ìgbà tí DOS bá ń jí nìkan ni ó ń wò ó. Lẹ́yìn èyí, ó tún padà sí kíkà rẹ̀ àtijọ́. Aago di méjì nínú ẹ̀rọ kan, bẹ́ẹ̀ ìka tí ó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Bí aago bá ṣìnà lẹ́yìn tí a pa ẹ̀rọ mọ́jú, ẹ yẹ bátìrì wò. Bí ó bá tọ̀nà ní òwúrọ̀ tí ó sì ṣìnà kí ọjọ́ tó rọ̀, ètò tí ẹ ń lò ni kí ẹ mú, ẹ má sì náwó sórí bátìrì tuntun.